Ẹ bèèrè owó epo kí ẹ tó gba kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá owó jọ láti gbé kọ̀ǹpútà fún ilé ìwé tí ẹ ti jáde, ẹ̀yin òbí tí wọ́n yàn sínú ìgbìmọ̀ PTA, àti ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tí púrínsípà ṣẹ̀ṣẹ̀ fa kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà lé lọ́wọ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Tíṣà Fisíìsì ni mí ní ilé ìwé girama ìjọba kan nílùú Ìbàdàn. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwé náà, torí ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Kọ̀ǹpútà kọ́ ni mo kà ní yunifásítì. Wọ́n kàn rò ó pé ẹni tó bá mọ̀ nípa iná mànàmáná á mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ni, bí wọ́n ṣe gbé yàrá náà lé mi lórí nìyẹn. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, pàápàá jù lọ èyí tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa lọ́jọ́ tí wọ́n ń gé ríbọ́ọ̀nù.

Kí ẹ̀rọ kankan tó dé ọ̀dọ̀ wa ni ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ti wà nínú iṣẹ́ tí a ń kọ́ àwọn ọmọ. Orí pátákó la ti ń kọ́ ọ. Tíṣà á fi ṣọ́ọ̀kì ya mouse tòun tìrù, àwọn ọmọ á yà á sínú ìwé wọn, ìdánwò á dé, wọ́n á tún un yà, a ó fún wọn ní máàkì. Ọmọ kan wà ní JSS2 tó gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí mouse gidi, ńṣe ló gbé e sókè tó nà án sí ojú kọ̀ǹpútà, tó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n dání. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín, torí àwọn náà ò mọ̀. Kò sí ibì kankan nínú àwòrán tí a yà fún wọn tó sọ pé orí tábìlì ló ń rìn.

Ohun tó sì ń ká wa lára jù ni JAMB. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti pa ìwé àti pẹ́ńsù tì pátápátá, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe UTME. Ìbéèrè 180 ni láàárín wákàtí méjì: Gẹ̀ẹ́sì ní 60, iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ní 40-40. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ lówó ti lọ fi ọwọ́ kọ́ ọ ní ibi ẹ̀kọ́ àdáni kan ní Bódìjà tàbí Ring Road. Ọmọ tiwa, tí ìyá rẹ̀ ń ta ata ní Ọjà Ọba, inú gbọ̀ngàn ìdánwò gan-an ni yóò ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan keyboard. Ìdí nìyí tí a fi jó nígbà tí ṣẹ́ẹ̀tì kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wa ní àwọn fẹ́ ṣe yàrá kọ̀ǹpútà fún wa.

Wọ́n ṣe é dáadáa. Ogún desktop ni wọ́n gbé wá, tòkunbọ̀ tó ṣì mọ́, pẹ̀lú tábìlì, àga, AC méjì àti jẹnẹrétọ̀ ńlá kan. Wọ́n kun ilé, wọ́n fi irin sójú fèrèsé, wọ́n kọ orúkọ ṣẹ́ẹ̀tì wọn sára mábù lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá débẹ̀ lọ́jọ́ náà yóò ṣèlérí fún ara rẹ̀ pé ọmọ òun náà á lọ síbẹ̀. AC ń fẹ́, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ń tàn. Àwọn àlejò wa ló ra epo tó wà nínú jẹnẹrétọ̀ náà wá.

Epo náà tán.

Mo lọ bá púrínsípà. Ó ní kí n jókòó, ó sì ṣí ìwé owó ilé ìwé fún mi kí n fojú ara mi wò ó. Owó ṣọ́ọ̀kì wà níbẹ̀, owó ìwé ìdánwò wà níbẹ̀. Epo jẹnẹrétọ̀ ò sí níbẹ̀, àtúnṣe kọ̀ǹpútà ò sí níbẹ̀. Mo ní ṣé a ò lè ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú nǹkan díẹ̀ wá ni? Ó wò mí. "Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n wá mú mi ni?" Òótọ́ ló sọ. Ní ọdún 2019 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fagi lé ₦3,000 tí àwọn ọmọ ilé ìwé girama ń san, òfin UBE, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, sì ti wà láti 2004 tó sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ títí dé JSS3, pé ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ ọmọ lè sanwó ìtanràn tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n. Mo fọwọ́ sí òfin yìí o. Mo ṣì rántí àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń lé sílé nítorí ₦3,000 yẹn, tí òmíràn ò padà wá mọ́. Àmọ́ kí ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ wá mọ̀ pé ibi tí owó epo lè gbà wọlé ti di.

A bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó epo láàárín ara wa, àwa tíṣà. Nígbà tó di ìparí oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ ní owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, iye tí wọ́n ń ta lítà kan sì ju ìlọ́po méjì lọ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Owó oṣù wa wà níbi tó wà. Ta ló tún fẹ́ dá owó epo? Púrínsípà ní kí a ti yàrá náà kí àwọn olè má baà wá kó ohun tí a ò lò. Wọ́n fi ágádágodo méjì sí i.

Ìgbà tí a tì í pa yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ibi tí owó ilé ìwé ń gbà wá, torí mi ò gbà pé ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Òfin UBE ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Àjọ UBEC tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ló ń pín in, ìpínlẹ̀ tó bá sì fẹ́ gba tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé iye kan náà kalẹ̀. Ó dáa. Àmọ́ JSS3 ni owó yẹn mọ. Lápá òkè, àpò owó ìjọba tó ń jẹ́ TETFund wà fún yunifásítì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, láti inú owó orí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń san. Nígbà tó ṣì ń jẹ́ ETF, láti 1993, àwa ilé ìwé girama náà ń jẹ níbẹ̀. Òfin 2011 ló yọ wá kúrò. Ọmọ SS, tó jẹ́ òun gan-an ló fẹ́ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà JAMB, wá bọ́ sáàárín méjì. Wọ́n ti dá àjọ NSSEC sílẹ̀ fún SS báyìí, àjọ tuntun sì ni.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti olóṣèlú tí ìdìbò rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ilé ìwé ti ń wá. Mi ò bú wọn. Àwọn ló ṣe é nígbà tí ẹlòmíràn ò ṣe é. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló fẹ́ ohun tí a lè ya fọ́tò rẹ̀, èmi ò sì tíì rí ẹni tó ya fọ́tò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo.

Lọ́jọ́ tí a tún yàrá náà ṣí, eruku ti bo gbogbo nǹkan, eku ti jẹ okùn mouse, alángbá ti kú sínú kọ̀ǹpútà kan. Nígbà tí a tan wọ́n, èyí tó ju ìdajì lọ ló dúró sórí ojú dúdú, tí ọ̀rọ̀ funfun kan ń sọ pé kí a tẹ F1. Àwọn tó tiẹ̀ kọjá ibẹ̀, ọjọ́ tó wà lórí wọn ti padà sẹ́yìn lọ́dún púpọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ò sì gbà wọ́n wọlé. A pe ẹnjiníà kan. Ó yí wọn po, ó mi orí, ó ní motherboard ló ń lọ. Owó tó bèèrè láti tún ẹyọ kan ṣe, a lè fi ra òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Queen Cinema ló yọ wá. Kò bèèrè owó kankan. Ó tú ọ̀kan, ó fi èékánná ta bátìrì pẹlẹbẹ kan jáde, tó rí roboto bíi kọ́bọ̀ àtijọ́, ó fi hàn mí: CR2032. Irú rẹ̀ ló wà nínú rìmóòtù mọ́tò. Òun ló ń bá kọ̀ǹpútà rántí ọjọ́ àti aago nígbà tí wọ́n bá pa á. Tí kọ̀ǹpútà bá pẹ́ láìrí iná, bátìrì yìí á kú, kọ̀ǹpútà á gbàgbé ọjọ́ òní, ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì á sì kọ̀ ọ́ torí pé ọjọ́ tiwọn ò bára mu. A ra bátìrì náà fún gbogbo wọn. Owó rẹ̀ lápapọ̀ ò tó iye tí ẹnjiníà àkọ́kọ́ bèèrè lórí ẹyọ kan. Ẹ̀yin tí yàrá yín wà ní títì báyìí, ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ bátìrì yìí wò kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín pé ẹ̀rọ yín ti kú.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù. Mo mú bírò, mo ṣe ìṣirò tí mo máa ń fún àwọn ọmọ SS1 ṣe. Desktop kan pẹ̀lú ojú rẹ̀ ń jẹ nǹkan bí 100 watt. Ogún nílé yẹn, 2,000 watt. Ká tiẹ̀ ní a ò tan AC, tí ẹyọ kan ṣoṣo ju 1,000 watt lọ. Bátìrì inverter tí gbogbo ayé ń rà, 12 volt, 200Ah, 2,400 watt-wákàtí ló ń gbà. Tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń bu omi sí, ẹ ò gbọ́dọ̀ lò ju ìdajì lọ kí ẹ tó tún un chájì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ kú. Ó ku 1,200. Tí ẹ bá ní bátìrì mẹ́rin, 4,800 ni. Ẹ fi 2,000 pín in: wákàtí méjì àti díẹ̀, inverter fúnra rẹ̀ á sì jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Kíláàsì kan ṣoṣo lóòjọ́ ni, bóyá méjì.

Ẹ wá wo laptop. 40 watt ni mo kà á sí. Ogún rẹ̀ jẹ́ 800. Ẹ fi 800 pín 4,800: wákàtí mẹ́fà, tí inverter bá jẹ tirẹ̀, bíi márùn-ún ó lé. Tí iná bá sì lọ lójijì, laptop ò ní kú mọ́ ọmọ lọ́wọ́ láàárín ìbéèrè. A ta àwọn desktop tó dára jù, a fi owó rẹ̀ ra laptop tòkunbọ̀ díẹ̀díẹ̀, a sì dá desktop mẹ́rin sí fún ṣíṣí, kí àwọn ọmọ lè rí inú kọ̀ǹpútà. AC méjèèjì ni mo kọ́kọ́ fẹ́ tà. Púrínsípà kọ̀, ó ní kí a má ṣe fi àbùkù kan àwọn tó fún wa. Wọ́n ṣì wà lára ògiri.

Bí a ṣe rí ẹni tó ra inverter àti pánẹ́ẹ̀lì sólà fún wa ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù. Mo pe alága ṣẹ́ẹ̀tì tó fún wa ní yàrá náà. Èèyàn dáadáa ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò dùn mọ́ ọn nínú.

"Tíṣà wa, ṣé ohun tí a fún yín ò tó ni?"

"Ó tó, ẹ̀gbọ́n. Iná ni ò sí."

"A ti fún yín ní jẹnẹrétọ̀ ńlá."

"Ẹ ṣeun, sà. Kò sí epo níbẹ̀."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an: "Kí ni mo máa wá fi han àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa lórí WhatsApp? Rìsíìtì epo?"

Mi ò bínú. Ó jẹ́ kí n mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀: wọ́n ti fún wa lówó, wọn ò sì mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́. Mo ra ìwé ńlá kan, mo fi rúlà là á. Kíláàsì tó wọlé, iye ọmọ, ohun tí wọ́n ṣe, aago tí iná lọ, ohun tó bàjẹ́, ẹni tó tún un ṣe àti iye tó gbà. Níbi tí yàrá náà bá ti wà ní títì fún ọ̀sẹ̀ kan, mo kọ "a tì í, kò sí epo", mo bu ọwọ́ lù ú, púrínsípà náà bu ọwọ́ lù ú. Ní ìparí táàmù, mo ya fọ́tò ìwé náà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, mo fi ránṣẹ́ sí alága náà. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tó dùn ún jù lọ ni bí "a tì í" ṣe pọ̀ tó lábẹ́ orúkọ ṣẹ́ẹ̀tì tiwọn.

Ìwé yẹn ló mú inverter wá. Ó tún mú nǹkan tó dára ju inverter lọ: wọ́n gbà láti máa dá owó kékeré lóṣooṣù, olúkúlùkù bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, sínú àkáǹtì kan tí ẹni kan láti ẹgbẹ́ wọn àti ẹni kan láti SGB, ìgbìmọ̀ alákòóso ilé ìwé, jọ ń bu ọwọ́ lù. Owó ọdẹ ń jáde níbẹ̀, owó omi bátìrì, owó àtúnṣe. Kì í pọ̀, àmọ́ ó ń wọlé. Èrò tèmi, tí ẹ bá ní ọgọ́rùn-ún náírà fún kọ̀ǹpútà ilé ìwé, ẹ má ná ju àádọ́ta lọ lórí ẹ̀rọ. Ẹ fi ìyókù pamọ́ fún ọdún mẹ́ta tó ń bọ̀.

Mo dárúkọ ọdẹ. Òun ló ní kí a má gbé bátìrì sẹ́yìn yàrá bí oníná ṣe fẹ́ ẹ. Ó ní ibi tí òun lè rí láti ibi tí òun ń jókòó sí lálẹ́ ni kí a gbé wọn sí. Wẹ́dà ṣe àgò irin fún wọn lábẹ́ bàráńdà, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Wọn ò tíì jí wa ní nǹkan kan níbẹ̀. Kí ẹ tó sanwó fún oníṣẹ́ ìjìnlẹ̀ nípa ààbò, ẹ bi ọdẹ yín.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? A ra dátà. Kí àwọn ọmọ tó ṣí ojú ewé kan, Windows ti fi gbogbo rẹ̀ ṣe àtúnṣe ara rẹ̀, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ń fa tirẹ̀. Àgùnbánirọ̀ kan tó ń kọ́ Kẹ́mísìrì lọ́dọ̀ wa nígbà náà ló fi Kolibri àti Kiwix hàn mí, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ ó gbé ẹ̀kọ́, fídíò àti Wikipedia sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo níbi tí dátà ti pọ̀, ẹ ó wá fi router kékeré pín in fún àwọn yòókù nínú yàrá, láìsí dátà rárá. Àgùnbánirọ̀ náà parí ọdún rẹ̀, ó wọ khaki rẹ̀ lọ sílé, ó sì gbé ọ̀rọ̀ aṣínà lọ nínú orí rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ la tún ti ṣe gbogbo rẹ̀. Ní báyìí, gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà wà nínú àpòòwé kan nínú dúrọ́ọ̀ púrínsípà, tíṣà mẹ́ta ló sì mọ̀ bí a ṣe ń tan ẹ̀rọ náà, torí wọ́n lè gbé tíṣà kúrò nígbàkigbà, èmi náà pẹ̀lú.

Ẹnì kan wà nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí kò fara mọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, Alhaji tó ń kọ́ Yorùbá. Ó bi mí nínú yàrá tíṣà pé: "Ọmọ àádọ́rùn-ún ló wà ní kíláàsì mi. Mẹ́ta-mẹ́ta ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì èèyàn méjì. Àwọn kan ò lè ka ojú ewé kan já. Kọ̀ǹpútà yín yìí, àga mélòó ni?" Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà, mi ò sì tíì rí i tán dòní. Nígbà tí mo kà nípa orílẹ̀-èdè Perú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà sí mi lọ́kàn. Wọ́n pín laptop fún àwọn ọmọ ní àwọn ìgbèríko wọn. Nígbà tí IDB, ilé ìfowópamọ́ ìdàgbàsókè ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí ní ilé ìwé 319, tí wọ́n gbé e jáde ní 2012, wọn ò rí ìyàtọ̀ kankan nínú máàkì Ìṣirò àti èdè. UNESCO náà sọ ọ́ nínú ìròyìn rẹ̀ ti 2023 pé ẹ̀rí tó dúró dáadáa ò pọ̀, pé ọwọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ náà ni púpọ̀ nínú ẹ̀rí tó wà ti ń wá.

Ìlú wa yìí náà sì ti gbọ́ irú ìlérí bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959 tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodi, tí ó jẹ́ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ara ìdí tí ìjọba Awólọ́wọ̀ fi dá a sílẹ̀ ni pé yóò ran ilé ìwé lọ́wọ́ níbi tí tíṣà ò bá ti tó, torí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 ti kó ọmọ wọ kíláàsì rẹpẹtẹ. Tíṣà ò tíì tó síbẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ á dí àlàfo tíṣà, ẹ ní kó wá dúró ní kíláàsì Alhaji.

Ibi tí mo ti rí i pé ó wúlò fún wa kò ju ibi bíi mélòó kan lọ, àwọn ibẹ̀ sì ni mo ń ná agbára mi lé. Àkọ́kọ́ ni Fisíìsì. Ámítà tó ń ṣiṣẹ́ nínú láàbù wa ò tó nǹkan, mi ò sì lè jẹ́ kí ọmọ fi wọ́n ṣeré. PhET, àwọn àṣedánwò sáyẹ́ǹsì orí kọ̀ǹpútà tó wá láti Yunifásítì Colorado, wà lórí Kolibri. Ọmọ á fa wáyà, á so bátìrì mọ́ gílóòbù, á rí i bí iná ṣe ń rìn. Ọmọbìnrin kan ní SS2 so wáyà mọ́ bátìrì lójú méjèèjì láìsí gílóòbù láàárín, iná sì sọ lójú kọ̀ǹpútà. "Mà! Ó ti jó!" Gbogbo yàrá dìde. Mo ní kó tún un ṣe kí gbogbo wọn rí i. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí mo gbé ámítà gidi síwájú rẹ̀, òun ló di ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ mú tó ń sọ fún un pé kó má so ó bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni JAMB. Ọmọ mẹ́ta ló ń jókòó sídìí laptop kan, ọkùnrin ló sì máa ń gba mouse, obìnrin á dúró sẹ́yìn tí yóò máa wò. Mo ṣe òfin pé ẹni tó bá mú mouse ò gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan kan àyàfi ohun tí ẹnìkejì bá sọ pé kó ṣe. Tí aago mi bá dún, wọ́n á yí àyè. Ariwo ibẹ̀ pọ̀, mo fara mọ́ ọn. Nígbà tí mouse bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, a wá rí i pé a ò tiẹ̀ nílò rẹ̀ fún JAMB. Bọ́tìnnì mẹ́jọ péré lórí keyboard tó: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí, R láti fagi lé e pé o fẹ́ parí. Mo ní kí káfíńtà gé pákó pẹlẹbẹ, mo lẹ lẹ́tà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mọ́ ọn, àwọn ọmọ tí àyè ò kàn sì ń fi pákó náà kọ́ ìka wọn níbi tí wọ́n jókòó sí. Kò jẹ iná, eku ò sì jẹ ẹ́. Alhaji gan-an ló wá bèèrè ọ̀kan lọ́wọ́ mi fún ọmọ rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn kọ̀wé sí wa pé àwọn fẹ́ gbé smart board, pátákó ìkọ̀wé tó ń ṣiṣẹ́ bíi kọ̀ǹpútà, wá fún wa, àwọn sì fẹ́ kí a mú ọjọ́ tí a ó ṣe ayẹyẹ rẹ̀. Mo kọ èsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀, púrínsípà sì fọwọ́ sí i. Mo bi wọ́n pé watt mélòó ló ń jẹ, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ta ni yóò tún un ṣe ní Ìbàdàn níhìn-ín tó bá bàjẹ́, tíṣà mélòó ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní lílò rẹ̀. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé tó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n kúkú bá wa pààrọ̀ bátìrì méjì tó ti rẹ̀, kí wọ́n sì bá wa san owó ọdẹ fún ọdún kan. Mo fi kún un pé a ó lẹ orúkọ ṣẹ́ẹ̀tì wọn mọ́ àgò bátìrì náà pẹ̀lú ọ̀dà pupa, kí ẹni tó bá ń kọjá lọ lè rí i. Akọ̀wé wọn pè mí pé àwọn á gbé e wá sí ìpàdé. Ìpàdé náà ti kọjá, wọn ò tíì pè padà. Bátìrì méjèèjì kì í dé agogo méjìlá mọ́, nítorí náà SS3 ni mo ń kọ́kọ́ mú wọlé láàárọ̀, JSS ń wọlé lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú.